Ta Ni Ó Ń Bọ́ Igbó?

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń yọ wá lẹ́nu láti ìgbà èwe wa. Ìbéèrè náà ni èyí: Ta ni ó ń bọ́ igbó? Àgbẹ̀ ń ro oko rẹ̀, ó ń kọ ebè, ó ń da ajílẹ̀ sí i. Síbẹ̀, nígbà tí yóò bá fi di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, àárẹ̀ a mú ilẹ̀, àgbàdo a sì máa rí tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n igbó kìjikìji tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ oko náà gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò da ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ kan sí rí, ìrókò rẹ̀ ń ga sí i, àràbà rẹ̀ ń tóbi sí i, ebi kò sì pa á.

Ohun tí ó mú wa gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ni àríyànjiyàn kan tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní agbo ilé wa. Igbó kan ṣẹ́ kù nínú ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa, ó tó nǹkan bí éékà 3, ní ẹ̀bá odò. Àwọn àbúrò wa fẹ́ kí a ṣán an, kí a sun ún, kí a sì fi gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní, “Ilẹ̀ tí ó lè gbé irú igi báwọ̀nyí ró, ọ̀rá wo ni kò ní sí nínú rẹ̀?” A kò lè bá wọn wí. Ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ wọn, owó ilé-ìwé ń bẹ lọ́rùn wọn, ilẹ̀ tí wọ́n sì ń ro lọ́wọ́lọ́wọ́ kò fún wọn ní ohun tí ó tó jẹ mọ́. Àwọn àgbà ilé wá ní kí àwa tí a ń jókòó ti ìwé sọ tiwa kí wọn tó dájọ́. Ohun tí a sọ fún wọn ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà, nítorí a mọ̀ pé ilé tí irú ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwa nìkan.

A ní láti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí àwa àti àwọn ẹ̀gbọ́n wa méjì ti ṣán ìpín igbó tí ó kàn wá. A gé gbogbo igi rẹ̀, a kó ewé àti ẹ̀ka jọ, a sì ti iná bọ̀ ọ́. Iná náà jó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọdún àkọ́kọ́, àgbàdo wa yọ ọmọ méjì méjì, a sì ń fọ́nnu káàkiri. Ní ọdún kejì ó yọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún kẹta, ewé rẹ̀ pọ́n kí ó tó yọ irùkẹ̀rẹ̀, èèkan sì gba ilẹ̀ náà. A dá irúgbìn lẹ́bi, a dá òjò lẹ́bi. A tilẹ̀ fi ojú burúkú wo aládùúgbò kan tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀.

Àbúrò baba wa, ẹni tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ni ó la ojú wa. Wọn kò mọ ìwé kà. Wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n mú wa lọ sí inú igbó tí ó ṣẹ́ kù ní ẹ̀bá odò, wọ́n sì gbẹ́ ihò kan tí kò jìn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Lókè ni ewé gbígbẹ wà tí ó ṣì pé pérépéré. Ní abẹ́ rẹ̀ ni ewé tí ó ti ń rà, tí okùn funfun tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn nà kiri láàrin rẹ̀. Ní abẹ́ èyí ni ilẹ̀dú wà, ó rọ̀ lọ́wọ́, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀ bí irun orí. Ilẹ̀dú náà kò nípọn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ tí ilẹ̀ pupa fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún mú wa lọ sí oko wa, wọ́n sì gbẹ́ ihò kejì. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ilẹ̀ pupa ni, ó le gbandi.

Bàbá Kékeré ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ rò pé ilẹ̀ ni igbó ń jẹ. Ara rẹ̀ ni ó ń jẹ. Ewé ni ó fi ń ṣe oúnjẹ, oúnjẹ náà ni ẹ sì ti iná bọ̀ yìí.”

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wá inú ìwé kiri láti mọ bí igbó ti ń jẹ ara rẹ̀ tí kì í sì í tán. Ohun tí a rí kọjá ohun tí a rò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé tí ń jábọ́. Ọ̀mọ̀wé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ P. H. Nye wọn gbogbo ohun tí ń jábọ́ láti ara igi igbó ní Kade, ní ilẹ̀ Ghana, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1961. Ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí ń bọ́ sórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan láàrin ọdún kan tó tọ́ọ̀nù 10. Bí ó bá jẹ́ pé ewé náà ń dúró bẹ́ẹ̀ lásán ni, láàrin ogún ọdún ẹsẹ̀ igi ìbá ti rì sínú ewé, ọdẹ kì bá sì rí ọ̀nà gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ inú igbó lónìí yóò bá ewé tí kò ju ìka díẹ̀ lọ lórí ilẹ̀. Kí ọdún kan tó yí po, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti rà tán. Ta ni ó jẹ ẹ́?

Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ni a mọ̀. Ekòló ń fa ewé wọ inú ilẹ̀, ó ń gbé ilẹ̀ mì pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń yàgbẹ́ rẹ̀ sókè ní òkìtì kéékèèké tí a máa ń rí lẹ́yìn òjò. Ọ̀kùn ń gé ewé sí wẹ́wẹ́. Ikán ń kó igi òkú lọ sínú ọ̀gán. Nínú àwọn ikán tí ń mọ ọ̀gán ńlá, àwọn kan wà tí ń dáko bí ènìyàn: wọn a rún igi àti ewé, wọn a fi mọ ohun kan bí afárá oyin nínú ilé wọn, olú a sì hù lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń jẹ. Olú ńlá aládùn tí àwọn ọmọ wa ń ṣá lórí ọ̀gán nígbà òjò, láti inú oko ikán yìí ni ó ti ń yọrí jáde.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gé ewé kò ì tíì sọ ọ́ di oúnjẹ igi. Iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ àwọn tí ojú wa kò lè rí bí kò ṣe nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí ẹ bá bu ṣíbí tíì kan nínú ilẹ̀dú igbó, bakitéríà tí ó wà nínú rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù kan, olúkúlùkù wọn sì jẹ́ ohun abẹ̀mí. Wọ́n pọ̀ ní irú, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba. Òmíràn ń jẹ ohun dídùn tí ń kọ́kọ́ ṣàn láti inú ewé tútù. Olú tín-ín-rín, èyí tí okùn funfun inú ihò Bàbá Kékeré jẹ́ ara wọn, ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń jẹ ohun líle tí ó jẹ́ eegun igi. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá kú, tàbí nígbà tí àwọn kòkòrò tí ó jù wọ́n lọ díẹ̀ bá jẹ wọ́n, ohun rere tí wọ́n ti kó sínú ara wọn a tú sílẹ̀ sínú ilẹ̀, gbòǹgbò a sì gbé e. Ní nǹkan bí ọdún 1890, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, fi hàn pé bakitéríà ni ó ń sọ amóníà inú ilẹ̀ di náítíréètì, èyí tí ohun ọ̀gbìn lè gbé ní ìrọ̀rùn. Kí ó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a kò tíì ya àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ́tọ̀ rí.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dá èsúsú rí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Àwọn àbúrò wa rò pé ilẹ̀ igbó dà bí àpótí tí owó kún inú rẹ̀, tí ẹni tí ó bá ṣí i yóò máa ná títí ayé. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ilẹ̀ pupa wa ti gbó, òjò ti fọ̀ ọ́ fún ọdún tí kò níye, ohun tí ó ń dì mú kò pọ̀. Igbó dà bí èsúsú: owó tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n kò dúró sójú kan. Igi dá, ewé gbé e wá sílẹ̀, ikán gbà á, olú gbà á, bakitéríà gbà á, gbòǹgbò tún kó o, ó tún padà sọ́dọ̀ igi. Ẹni tí ó bá gé gbogbo igi tí ó sì sun wọ́n dà bí ẹni tí ó gbé owó èsúsú sá lọ: yóò ná an ní ìgbà kan, yóò sì dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n èsúsú náà ti tú.

Ọ̀nà wo ni gbòǹgbò ń gbà kó oúnjẹ yìí kí òjò tó gbé e lọ? Ní ọdún 1885, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tí a ń pè ní A. B. Frank ń wá bí a ti lè gbin irú olú kan tí àwọn ọlọ́rọ̀ Yúróòpù fẹ́ràn púpọ̀. Kò rí olú náà gbìn, ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé okùn olú wé mọ́ ẹnu gbòǹgbò igi igbó tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè sọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní àrùn kọ́ ni, àjọṣe ni. Ó fún un ní orúkọ láti inú èdè Gíríìkì, mycorrhiza, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ olú-òun-gbòǹgbò. Púpọ̀ ta kò ó nígbà náà. Lónìí ó ti hàn gbangba pé ó ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá irú àwọn ohun ọ̀gbìn orí ilẹ̀ tí ó ní irú àjọṣe bẹ́ẹ̀, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó sì wà lára wọn. Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Gbòǹgbò nípọn jù, kò lè wọ inú ihò kéékèèké ilẹ̀ tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì fara pamọ́ sí. Okùn olú tín-ín-rín, ó wọ ibẹ̀, ó sì gbé e wá. Olú ní tirẹ̀ kò lè fi oòrùn se oúnjẹ. Igi a fún un lára ṣúgà tí ewé rẹ̀ sè. Báyìí ni ẹnì kìn-ín-ní ń bọ́ ẹnì kejì.

Ohun kejì tí ó yà wá lẹ́nu ni ti náítírójìn. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpín afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú, nǹkan bí 78 jẹ́ náítírójìn. Síbẹ̀ igi lè kú fún àìrí i, bí ẹni tí ó dúró nínú òkun tí òùngbẹ ń gbẹ. Ní ọdún 1886, àwọn ará Jámánì méjì, Hermann Hellriegel àti Hermann Wilfarth, fi yé ayé pé ẹ̀wà àti àwọn ìbátan rẹ̀ ń rí náítírójìn gbà láti inú afẹ́fẹ́ nípa àwọn kókó tí ó wà lára gbòǹgbò wọn. Ní ọdún 1888, Martinus Beijerinck ní ilẹ̀ Holland ya bakitéríà tí ń gbé inú àwọn kókó náà sọ́tọ̀. Kókó náà ni ilé wọn. Ohun ọ̀gbìn ń bọ́ wọn, wọ́n sì ń sọ afẹ́fẹ́ di ajílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin pẹ̀lú lè fi èyí han àwọn ọmọ yín. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ̀wà kan jẹ́jẹ́ kí ó tó so, ẹ má fà á tu. Ẹ ṣan ilẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ náà wà lẹ́nu iṣẹ́; bí ó bá funfun tàbí tí ó dúdú bí ewé, wọn kò ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ wa rò pé àrùn ni kókó wọ̀nyí. Àrùn kọ́ ni rárá. Nínú igbó, irú àwọn igi bí ayùnrẹ́ ní àlejò báwọ̀nyí lára gbòǹgbò wọn. Ewé ayùnrẹ́ tí ó sì jábọ́ ń fi ti afẹ́fẹ́ kún owó èsúsú.

Ìrókò pẹ̀lú ní àṣírí tirẹ̀. Gbogbo agégẹdú ni ó mọ̀ pé a máa ń bá òkúta nínú ìrókò, òkúta líle tí ń ká ayùn léyín. Oríṣiríṣi ìtàn ni a ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ní ọdún 2004, àwọn ọ̀mọ̀wé láti ilẹ̀ Switzerland tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí ìrókò ní ilẹ̀ Ivory Coast tẹ àlàyé wọn jáde. Ìrókò ń ṣe irú ásíìdì kan, ó sì ń dè é mọ́ kálísíọ̀mù nínú ara rẹ̀. Nígbà tí èèpo àti ewé rẹ̀ bá ń rà, olú àti ikán a tú u ká, bakitéríà a jẹ ásíìdì náà, ohun tí ó sì kù a di òkúta ẹfun. Ilẹ̀ igbó tí ó jìnnà sí ìrókò náà kan, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní ìdí rẹ̀ kò kan mọ́. Igi kan ṣoṣo, pẹ̀lú àwọn ohun tí a kò lè fojú rí, ti yí ilẹ̀ tí ó dúró lé padà.

Ta ni kò mọ òórùn ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kán? Àwọn aboyún a tilẹ̀ máa sọ pé àwọn fẹ́ jẹ ilẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ nínú òórùn náà, ara ohun kan tí a ń pè ní geosmin ni ó ti ń wá. Irú bakitéríà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Streptomyces wà lára àwọn tí ń ṣe é. Láti ara ìbátan àwọn wọ̀nyí kan náà ni Albert Schatz, nínú yàrá ìwádìí Selman Waksman ní Amẹ́ríkà, ti rí oògùn streptomycin ní ọdún 1943, oògùn tí ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ìbá pa. Òórùn àkọ́rọ̀ jẹ́ àmì iṣẹ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 1958, H. F. Birch, tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Kenya, fi hàn pé nígbà tí omi bá kan ilẹ̀ tí ó ti gbẹ, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ a jí gìrì, iṣẹ́ wọn a pọ̀ lójijì, náítírójìn a sì tú jáde. Nítorí náà, àwọn baba wa tí ń yára gbin àgbàdo pẹ̀lú àkọ́rọ̀ kò ṣìnà: ẹni tí ó bá pẹ́, òjò ńlá yóò ti gbé ohun rere náà lọ.

Ọyẹ́ náà kò wá lásán. Nínú eruku tí ń bo tábìlì wa láti oṣù November sí February ni eruku láti Bodélé wà, ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti wà rí kí ó tó gbẹ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Díẹ̀ a bọ́ sórí igbó tiwa. Afẹ́fẹ́ a gbé òmíràn kọjá òkun. Ní ọdún 2015, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣírò pé ní ọdọọdún, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 22,000 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń ti inú eruku aṣálẹ̀ Sàhárà dé igbó Amazon, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí òjò àti àgbàrá ń gbé kúrò níbẹ̀. Ìyá tí ń kùn nígbà tí ó ń nu tábìlì rẹ̀ lówùúrọ̀ ọyẹ́ lè rántí pé oúnjẹ igbó ni òun ń nù.

Kí ni iná wá ń ṣe? A kò ní purọ́ mọ́ iná. Eérú ní pọtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù nínú, ó ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí àgbàdo wa fi yọ ọmọ méjì méjì ní ọdún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n náítírójìn tí ó wà nínú ewé bá èéfín lọ sókè. Eérú tí ó kù, òjò a wẹ̀ ẹ́ wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tàbí sínú odò, nítorí kò sí gbòǹgbò igi mọ́ tí yóò gbà á padà. Ewé tí kò sí mọ́, kò sí ohun tí ekòló yóò jẹ. Oòrùn a yan ilẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a kú tàbí kí wọ́n sá. Báyìí ni ìparí èsúsú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀rí, ó wà nítòsí wa. Ní igbó ìjọba ti Olókè-Méjì, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn aṣọ́gbó ìjọba ya àwọn ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ ní ọdún 1929. Wọ́n ń sun ọ̀kan lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gidigidi. Wọ́n ń sun èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán. Ẹ̀kẹta ni wọn kò jẹ́ kí iná dé rárá. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún 28, èyí tí iná kò kàn ti ń di igbó padà, igi rẹ̀ ti ń pàdé lókè. Èyí tí a ń sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn líle jẹ́ pápá koríko, àwọn igi tí iná kò rí pa nìkan ni ó dúró káàkiri inú rẹ̀. Ojú ọjọ́ kan náà, òjò kan náà; ọwọ́ tí ó di ìṣáná mú ni ó yàtọ̀.

Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣé àwọn baba wa kò sun oko ni? Wọ́n sun ún. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta wọ́n a fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, wọn kò sì ní padà síbẹ̀ títí igi yóò fi tún pọ̀ níbẹ̀, ó lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n a dá àwọn igi ńlá kan sí. Wọn kì í hú kùkùté. P. H. Nye tí a dárúkọ lókè àti D. J. Greenland kọ ìwé kan jáde ní ọdún 1960 lórí irú iṣẹ́ oko bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé ọgbọ́n ń bẹ nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá pọ̀ tó láti sinmi. Ọ̀ràn tiwa ni pé ilẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. A pa ìsinmi ilẹ̀ tì, a sì di iná mú. Ohun tí ó jẹ́ ọgbọ́n lọ́wọ́ baba ti di ìpalára lọ́wọ́ ọmọ.

Kí ni kí a ṣe? Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ńlá tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976 láti máa gbin igi tí ó ní kókó lára gbòǹgbò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí wọ́n ń gbin àgbàdo sáàrin wọn, tí wọ́n sì ń gé ewé igi náà tẹ́ ilẹ̀. Ó ṣe ilẹ̀ ní rere; ṣùgbọ́n púpọ̀ àgbẹ̀ pa á tì, nítorí iṣẹ́ gígé náà pọ̀. A kò ní rọ ẹnikẹ́ni láti ṣe ohun tí agbára rẹ̀ kò gbé. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kéékèèké ń bẹ tí ilé kọ̀ọ̀kan lè ṣe. Ẹ má ṣe sun ewé tí ẹ bá gbá. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn, tàbí kí ẹ kó o sínú kòtò pẹ̀lú èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ títí yóò fi di ilẹ̀dú. Ẹ fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tẹ̀lé àgbàdo, kí ẹ sì fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kórè. Ẹ dá ayùnrẹ́ sí lóko. Ẹ má sì ṣe fọwọ́ kan igbó ẹ̀bá odò, nítorí òun ni ó ń gba ohun tí òjò ń wẹ̀ lọ láti oko.

Báyìí ni a sọ ní agbo ilé wa. Àwọn àgbà gbà pé kí a fi igbó ẹ̀bá odò sílẹ̀, kí a sì pín ìgbòrò tí ó wà lókè rẹ̀ fún àwọn àbúrò wa láti ro. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kò gbà. Ó ní ìwé kì í kún agbọ̀n àgbàdo, pé òun yóò sun ìpín tòun. A kò bá a jà. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sun ìdajì, kí ó tẹ́ ewé sí ìdajì kejì, kí ó gbin irúgbìn kan náà sí méjèèjì, kí ó sì máa ka ọmọ àgbàdo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà. Ní ọdún yìí, ibi tí ó sun ni ó dára jù, ó sì ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tó. A kò dá a lóhùn. A mọ ohun tí ọdún kẹta yóò sọ, nítorí ó ti sọ ọ́ fún àwa náà rí.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀yin baba àti ìyá, ẹ mú ọkọ́ kan, ẹ pe àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì gbẹ́ ihò méjì gẹ́gẹ́ bí Bàbá Kékeré ti ṣe fún wa: ọ̀kan ní abẹ́ igi tí ewé rẹ̀ ti ń bọ́ tipẹ́, ọ̀kan ní ibi tí ẹ ń gbá tí ẹ sì ń sun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wá okùn funfun náà. Wọn kì yóò tún bi yín léèrè ẹni tí ń bọ́ igbó.